Èmi Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Ń Gbé Yí

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ara mi le, má fòyà. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbi iṣẹ́ wa ló ń bá mi kọ ìwé yìí.

Ẹ̀rọ ìṣeré kan ni mò ń tọ́jú. Ó ní apá gígùn mẹ́fà, àga wà lórí apá kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ a sì máa yí bí òòyì. Àwọn èèyàn ń sanwó kí wọ́n tó gùn ún, ọ̀fẹ́ ni tèmi. Láràárọ̀, kí oníbàárà tó dé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé yí, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó dúró dáadáa. Àpò iyanrìn ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ọgbà irin tó yí ẹ̀rọ náà ká ni ọ̀gá máa ń dúró sí; ó ní ibẹ̀ lòun ti ń rí mi dáadáa.

Akọ̀wé mi ní, "Bàbá, ṣé kí n kọ bí àga ṣe já pẹ̀lú àpò yẹn lóṣù tó kọjá?" Mo ní kó kọ ohun tí mo bá sọ. Àmọ́ ó ti kọ ọ́ tán. Wọ́n ti jó irin rẹ̀ pọ̀.

O ní àbúrò mi ti gbà kí n padà sóko. Ṣùgbọ́n mo ti búra pé n kò ní gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ tí mo pọ̀n rí, lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi sì ti bọ́ sílẹ̀.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí àbúrò mi náà. Sọ fún un pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mò ń ṣe. Má sọ ti àpò iyanrìn.