Maṣíìnì Màámi Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

                                        Ojúlé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìgbògbò, Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Karùn-ún, 2026.

Zikrullah, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ọmọ tuntun ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Inú mi nìkan ni kò dùn, ìwọ ni mo sì ń bá wí.

Ní Sátidé, mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣí lọ́nà Imota. Níbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ọmọ fọwọ́ yí ẹ̀rọ tó ń tan gílóòbù títí wọ́n fi làágùn. Àfi bí a ṣe dé ìdí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tí Waliyah ọmọ mi di maṣíìnì ìránṣọ kan mú, ó ní, "Mọ́mì, maṣíìnì Ìyá Ẹ̀pẹ́ rè é."

Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Àkísà àǹkárá tí Màámi wé mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó má baà máa bó wọn lọ́wọ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé ohun tí àwọn ìyá wa ń lò láyé àtijọ́ ni. Ayé àtijọ́ wo? Ṣebí òun ni Màámi fi rán yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé lọ́dún tó kọjá. Zikrullah, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ náírà ni mo san kí n tó wọlé lọ wo maṣíìnì ìyá tó bí mi.

Mo bi Morẹ́nikẹ́, ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri, pé ìgbà wo ni wọ́n máa dá a padà. Ẹnu yà á. Ó ní wọn kò yá a rárá, ìyá náà fi ta àwọn lọ́rẹ ni. Ó ní ìyá náà gbọ́wọ́ lé e, ó ṣàdúà sí i, gbogbo àwọn sì ṣe àmín.

Mo ní, "Àdúà àlọ-àbọ̀ nìyẹn. Bí èèyàn bá ń lọ sí Mẹ́kà, a kì í ṣàdúà fún un ni? Ṣé a ti fi onítọ̀hún ta Mẹ́kà lọ́rẹ nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àfi kí ìwọ tí o mú àwọn lọ bá Màámi wá ṣàlàyé fún ọ̀gá àwọn. Mi ò pè wọ́n lólè o, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀, ìwọ lo sì bá wọn gbé e sọ́kọ̀.

Màámi kò ní bèèrè rẹ̀ láéláé. Wọ́n ní ohun tí ọmọ àwọn bá mú àlejò wá gbà, àwọn kì í lọ tọrọ rẹ̀ padà. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán aṣọ Iléyá àwọn ọmọ àdúgbò báyìí, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Àwọn oníbàárà kan ti kó aṣọ wọn lọ.

Nítorí náà, bí o bá ń lọ bá Màámi ṣọdún ní Ẹ̀pẹ́, má wulẹ̀ ra àgbò. Kọ́kọ́ yà ní Imota, kí o sì gbé maṣíìnì náà sẹ́yìn ọkọ̀. Màámi ti ṣe àdúà àbọ̀ rẹ̀ tán láti ọjọ́ tó ti ń lọ. Ìwọ nìkan ló kù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ṣì ń bí,
Rọ̀kíbátù.