Èmi ni mo yáwó lórúkọ àbúrò mi

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́ o. Èmi ni mo ba orúkọ àbúrò mi jẹ́ ní báǹkì. Kò mọ̀, ọkọ ẹ̀ ló ń bá jà… mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà mọ́.

Télọ̀ ni mí ní Ìbẹ̀rẹ̀kó. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, owó ṣọ́ọ̀bù mi pé, mo sì ti yáwó lórí áàpù fóònù títí tí wọn ò fi yá mi mọ́. Àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, èmi ni mò ń bá a wẹ ọmọ. Èmi náà ni mo mú un lọ ṣí àkáǹtì, torí náà mo mọ BVN ẹ̀. Áàpù náà fẹ́ rí ojú ẹni tó ni BVN kó tó yáni lówó. Mo gbé fóònù ẹ̀ sókè, mo ní kó wò ó dáadáa kó ṣẹ́jú, ó rò pé fọ́tò ni mo fẹ́ yà á… ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe yá mi lówó lórúkọ ẹ̀ nìyẹn. Mo san díẹ̀, iṣẹ́ ò wá lọ, mi ò san mọ́. Nọ́ńbà mi ni mo fi síbẹ̀, nígbà tí ìpè wọn pọ̀ jù, mo ju síìmù yẹn nù. Mo rò pé ó ti tán. Irú owó kékeré yẹn náà, ta ló máa kọ ọ́ sílẹ̀?

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ọkọ ẹ̀ ló ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èèyàn àti àgbọn láti Gbẹrẹfù wá sí Àgbádárìgì. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú lọ́dún yìí, wọ́n bá lọ béèrè lóònù lórúkọ ìyàwó, torí àkáǹtì tiẹ̀ lowó ń wọ̀. Báǹkì ní rárá. Wọ́n ní credit score ẹ̀, àkọsílẹ̀ bó ṣe ń san gbèsè, ti bàjẹ́, pé ó yáwó lórí fóònù kò san, ibikíbi tó bá sì ti fẹ́ yáwó, wọ́n á rí i. Àbúrò mi tí kò yá kọ́bọ̀ rí. Ta ló tún ń lo fóònù ẹ̀? Ọkọ ẹ̀. Àbúrò mi gbà pé òun ló yá a, ló bá kó àwọn ọmọ wá bá mi, pálọ̀ mi ni wọ́n ń sùn, èmi ló sì ń sunkún sí lára.

Ọkọ ẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ nǹkan kan nípa owó yẹn. Ẹ̀yin nìkan ló máa gbọ́ràn sí lẹ́nu." Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹnu mi yìí náà.

Mo ta máṣíìnì mi kan, mo lọ san gbèsè yẹn pátá, mo rò pé orúkọ ẹ̀ á mọ́ lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni áàpù ní á hàn pé ó ti san, ṣùgbọ́n pé ó pẹ́ kó tó san, ìyẹn ò ní kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn lè kọ ìwé tó máa mú lọ sí báǹkì, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wá gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kó wá gba ìwé owó tí kò mọ̀ pé òun yá?

Inú ń bí mi. Sí áàpù tó ń yá èèyàn lówó torí pé ó ṣẹ́jú, sí báǹkì tí kò ṣàlàyé fún wọn bó ṣe jẹ́, sí èmi alára jù lọ. Láàárọ̀ yìí àbúrò mi ní òun ò padà sí Gbẹrẹfù mọ́, kí n bá òun wá yàrá kan sí Aradagun. Tí mo bá jẹ́wọ́, ó lè má dá sí mi mọ́ láyé. Tí mi ò bá jẹ́wọ́, ilé ẹ̀ tú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, òun ni àbí ọkọ ẹ̀? Báwo ni kí n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn… ọ̀la ló fẹ́ ká lọ wo yàrá yẹn.