Aago Ẹnu, Aago Ìwé

Ajé, 2 Oṣù Kẹfà. Dar es Salaam

Ìwé mi ti jáde! Mo ti fọwọ́ pa èèpo rẹ̀ láti àárọ̀, ó ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ìjókòó Kẹtàdínlógún lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́, láti ìgbà tí mo ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè. Ọ̀la la ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e kiri: Morogoro, Dodoma, Tabora, Kigoma. Ọkọ̀ ojú irin la ó wọ̀ lọ, nítorí inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti pa oníṣòwò iyọ̀ inú ìwé náà. Kokusima ló ro èyí, ọmọbìnrin tí ilé ìtẹ̀wé ní kó máa bá mi lọ. Mo ti sọ ọ́ ní Ìjì. Kì í rìn, ṣe ló máa ń fẹ́.

Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní tí ìrìn àjò yìí bá dára, wọn yóò tún ìwé náà tẹ̀ ní Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún. Oníwèé ìròyìn kan bi mí bóyá àléébù kankan wà nínú ìtàn náà. Mo ní kò sí ihò tí eṣinṣin lè gbà wọlé. Kibwana kì í ṣàṣìṣe — ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi, Imú mi, afínjú ọkùnrin tí imú rẹ̀ ń gbóòórùn irọ́. Ìwé kẹta tí mo máa kọ nípa rẹ̀ nìyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọkọ tí mo fẹ́ lọ. Kí ọkọ mi má rí ìwé ìrántí yìí o.

Ọjọ́rú, 4 Oṣù Kẹfà. Morogoro

Àga kò tó! Àwọn kan jókòó sójú fèrèsé. Obìnrin kan sunkún nítorí Sudi, ọkùnrin tí ń ta tíì nínú ọkọ̀, tí adájọ́ ní kí wọ́n lọ yẹgi fún lójú ìwé tó kẹ́yìn. Ó ní, “Màmá, ọkùnrin yẹn ò jọ apànìyàn rárá.” Mo ní bí apànìyàn ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n hó. Mo gbádùn ara mi púpọ̀ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹfà

Ẹsẹ̀ mi wú. Orí mi náà wú.

Ẹtì, 6 Oṣù Kẹfà. Dodoma

Wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ èso àjàrà kí mi káàbọ̀. Èmi àti Ìjì jẹ ẹ́ tán kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a parí, kọ́ńdọ́ ọkọ̀ tó ti Tabora bọ̀ fún mi ní bébà pélébé kan, kò sí orúkọ lára rẹ̀: “Màmá, aago méjì tí wọ́n pa oníyọ̀ yẹn, ṣé aago ẹnu ni àbí aago ìwé?”

Èmi ni wọ́n ń bi! Ta ni kò mọ̀ pé ẹnu wa ń ka wákàtí òru láti ìgbà tí oòrùn bá ti wọ̀, tí ìwé rélùwéè sì ń kà á láti ọ̀gànjọ́? Aago méjì ẹnu, ìgbà oúnjẹ alẹ́ ni. Aago méjì ìwé, òru ti jìn, gbogbo ayé ti sùn; àwa a máa pè é ní aago mẹ́jọ òru. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń yí ọ̀kan sí èkejì fún àwọn èrò ọkọ̀. Mo fi bébà náà nu omi àjàrà kúrò lọ́wọ́ mi.

Àìkú, 8 Oṣù Kẹfà. Nínú ọkọ̀

Ìjì ta ìwé mẹ́tàdínlógún ká tó dé Manyoni. Ó kọ̀ láti ta ìkejìdínlógún, ó ní iye náà gbọdọ̀ bá orúkọ ìwé mu. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Ajé, 9 Oṣù Kẹfà. Tabora

Ilé àwọn Nyamwezi nìyí. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni wọ́n ti jẹ́ aláwàdà fún àwa Zaramo. Wọ́n lè bú wa níbi òkú bàbá wa, a ò gbọdọ̀ bínú; àwa náà lè gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Mo sì ti múra ẹnu sílẹ̀.

N kò tíì ka ojú ìwé kìíní tán tí baba arúgbó kan fi na àsíá pupa sókè lẹ́yìn. Àsíá rélùwéè gidi! Mo dá ìwé kíkà dúró. Ẹni tó bá ti bá rélùwéè ṣiṣẹ́ rí kò lè ṣàì dúró fún àsíá pupa. Mzee Kapembe ni wọ́n ń pè é, ìyẹn Baba Kapembe, ọgbọ̀n ọdún ló fi ń na àsíá sí ọkọ̀ ní Tabora. Òun ló kọ bébà tí mo gbà ní Dodoma.

Ó ní, “Ẹ̀yin Zaramo ajẹ-àgbọn, ẹ ti pa ọmọ ọlọ́mọ!” Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ń bá a lọ: “Lórí karùn-ún, kọ́ńdọ́ kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ ẹ̀ pé aago méjì lòun gbọ́ igbe oníyọ̀. Ìwé kọ́ńdọ́ o! Aago ìwé nìyẹn. Lórí kọkàndínlógún, ẹlẹ́pà kan ní aago méjì lòun rí Sudi tó gbé tíì wọ yàrá oníyọ̀. Ẹlẹ́pà o! Ṣé ẹlẹ́pà ń ka ìwé rélùwéè ni? Aago ẹnu nìyẹn. Ẹ̀yin náà lẹ sì kọ ọ́ lórí keje pé Sudi sọ̀ kalẹ̀ ní Tabora níbí láago mẹ́rin alẹ́, aago ẹnu, ìyá ẹ̀ gbé àtùpà wá pàdé ẹ̀. Nígbà tí oníyọ̀ ń ké, Sudi ń han-an-run nílé ìyá ẹ̀!”

Mo ní, “Baba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ọdún sùn nídìí àsíá, kí lẹ mọ̀ nípa aago?” Ẹ̀rín sọ. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sọ́rùn. Mo borí rẹ̀ pátápátá.

Àmọ́ bí ó ti ń jókòó, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ lọ kà á, ọmọ mi.” Kò fi ṣe àwàdà.

Ìṣẹ́gun, 10 Oṣù Kẹfà

N kò kà á. Mo jẹ oyin.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹfà

Mo kà á.

Baba náà tọ̀nà. Yéè! Ó tọ̀nà! Mo rántí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti kọ orí karùn-ún, nílé ìdáná mi ni mo ti kọ ìkọkàndínlógún. Níbi iṣẹ́, orí mi ń ka aago ìwé. Nílé, aago ẹnu. Méjì bá méjì pàdé, mo sì rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ihò tí eṣinṣin ò lè gbà — odindi ọkọ̀ ojú irin lè gbà á kọjá, tòun tẹrù.

Ìjì ní, “Màmá, ẹ dákẹ́ ẹ jàre. Ta ló ń ka wákàtí nínú ìtàn? Ọjọ́ Ajé ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Baba kan ṣoṣo ni, ẹ sì ti fi ṣe yẹ̀yẹ́.” Òótọ́ ni. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn tí kò mọ aago? Ojú ń tì mí. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mo tún ń rẹ́rìn-ín. Mo ń dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá bí ẹni tó mutí yó.

Ẹtì, 13 Oṣù Kẹfà. Kigoma

Jẹ́ kí n fara balẹ̀ kọ ọ́. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn fún dàgáà, ẹja wẹ́wẹ́ adágún tí a jẹ lọ́sàn-án.

Gbọ̀ngàn kún dé etí adágún. Mo ti pinnu pé n ó panu mọ́. Àfi bí ẹkún ṣe sọ lẹ́nu ọ̀nà! Mzee Kapembe ni, òun àti Nyamwezi mẹ́fà, wọ́n da eérú sórí, wọ́n gbé pákó léjìká. Kẹ́tùlù ló wà lórí pákó náà, wọ́n fi aṣọ funfun dì í bí òkú. “Sudi o! Atatíì wa! Zaramo ti pa á láago tí kò sí!” Wọ́n dí ojú ọ̀nà pa. Àwọn apẹja ń yí gbirigbiri nílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ti ní èsì wọn lẹ́nu, èsì tó dùn, tó lè lé wọn lọ.

Ni mo bá wo kẹ́tùlù kékeré yẹn. Mo rántí ìyá tí mo fi àtùpà lé lọ́wọ́ ní Tabora. Èmi ni mo ní kó jáde wá pàdé ọmọ rẹ̀, èmi náà ni mo tún ní kí wọ́n yẹgi fún ọmọ náà. Ó dùn mí wọra.

Mo ní, “Sudi ò pa ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ṣi aago kà.”

Ìjì fọwọ́ bojú. Mzee Kapembe pariwo: “Ẹ tú aṣọ yẹn! Òkú ti jí!” Ariwo ta. Wọ́n da omi sínú kẹ́tùlù, wọ́n gbé e kaná, gbogbo wa sì mu tíì Sudi. Baba náà bu tèmi fún mi. “Zaramo, ẹ ti mọ aago kà díẹ̀ lónìí.” Mo ní kó lọ sùn nídìí àsíá. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí ìwé jáde lọ.

Apẹja kan ló wá bèèrè, ife lọ́wọ́: “Ẹ gbọ́, Màmá. Tí kì í bá ṣe Sudi, ta ló wá pa á?”

Mo lanu. Mo ní kí wọ́n bu tíì sí i fún mi.

Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹfà

Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù. Ó pariwo fún bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ló bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé ta ló wá pa á. Mo ní kò ní gbọ́ àfi tó bá dá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dúró. Ó dá a dúró.

Àìkú, 15 Oṣù Kẹfà. Nínú ọkọ̀, ọ̀nà ilé

Gbogbo èrò inú yàrá ọkọ̀ yìí ló ti yan apànìyàn tiwọn. Ìjì ní kọ́ńdọ́ ni. Ìyá kan tó gbé adìyẹ dání ní ìyàwó oníyọ̀ ni, pé òun mọ irú wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń fi bírò pupa yí gbogbo aago inú ìwé sí ẹyọ kan, bí Mzee Kapembe ṣe kọ́ mi. Aago mẹ́jọ òru, aago ẹnu, ni igbe yẹn. Ta ni kò sùn nígbà náà? Ìyàwó oníyọ̀ sùn, mo kọ ọ́. Ẹlẹ́pà ti sọ̀ kalẹ̀. Kọ́ńdọ́ wà lọ́dọ̀ awakọ̀, òkèèrè ló ti gbọ́ igbe.

Mo ṣí orí kẹta. Mo ti gbàgbé gbólóhùn yẹn pátápátá. Mo kàn kọ ọ́ nígbà náà kí àwọn òǹkàwé lè mọ irú afínjú tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi jẹ́.

“Kété lẹ́yìn aago mẹ́jọ òru, nígbà tí gbogbo ọkọ̀ ti sùn, Kibwana nìkan ló dìde, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀.”