Apá Kejì Sùẹ́tà Ọmọ Tí A Kò Tíì Bí

Èmi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Oníwúùlù, ìyàwó awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá ọmọ kan ṣoṣo, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kí n tó jókòó sílé tí mo ń hun aṣọ òtútù, ni mò ń sọ ọ́ nínú ìwé ìpíngún mi yìí pé ọpọlọ mi pé, ojú mi ríran, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ara mi nìkan ni kò balẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà yóò la àyà mi láti tún ọkàn mi ṣe. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń là á já. Mo bi í léèrè nípa àwọn yòókù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà, àti bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tìtorí rẹ̀ bá ara yín jà.

1. Ilé tí à ń gbé, mo fi ìpín tèmi nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ mi. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí mo ti ń hun nǹkan, kí ó máa jókòó sí i. Kí ó má sọ ọ́ di ibi tí yóò máa da aṣọ ìdọ̀tí sí. Mo mọ ẹni tí mò ń bá wí.

2. Gbèsè kan wà lọ́rùn mi. Mo jẹ ọkọ mi ní ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì. Ti ọ̀tún ti parí, òun nìkan ló sì ń wọ̀ kiri inú ilé, ó ní olówó gbèsè ni òun. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún. Bí n kò bá padà dé, kí ẹnikẹ́ni má bá mi san án.

3. Ológbò wa di ti ọmọ mi. Òwú ló fẹ́ràn ju ẹja lọ, nítorí náà kí ó máa ti àpótí òwú pa. Ṣùgbọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sùn sórí òwú mọ́. Àyà mi ló ń sùn lé, tí yóò sì na etí rẹ̀ méjèèjì. N kò fẹ́ mọ ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀.

4. Ọmọ mi máa ń béèrè ibi tí mo ti ń rí ọnà tí mo ń hun sára aṣọ. Mo fi gbogbo wọn sílẹ̀ fún un. Irin ojú fèrèsé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà lára kádígàn rẹ̀ pupa. Èèpo ọ̀pẹ òyìnbó ló wà lára fìlà bàbá rẹ̀. Ipa táyà nínú ẹrọ̀fọ̀ ni sikáàfù tó wà lọ́rùn mi báyìí. Mo dúró wò ó títí ọlọ́kọ̀ kan fi bú mi. Kí ó ṣáà máa la ojú rẹ̀ bó bá ń rìn.

Ọ̀kan wà tí n kò fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ mi láyà nílé ìwòsàn ń fa ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìlà tí yóò dára gan-an létí aṣọ. Mo ti ń ka iye ojú ìhun tí yóò gbà kí n tó rántí pé ọkàn mi ni mò ń wò. Ìlà náà sì kọsẹ̀ níbì kan. Mo yí ojú mi sí ògiri.

5. Òwú àti gbogbo abẹ́rẹ́ onírin, ti ọmọ mi ni. Kò mọ̀ ọ́n hun, ṣùgbọ́n oyún inú rẹ̀ yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó.

6. Nítorí oyún yìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sùẹ́tà kékeré kan, aláwọ̀ ẹyin. Iwájú ti parí, ẹ̀yìn ti parí, apá kan ti parí. Apá kejì ṣì wà lára abẹ́rẹ́ onígi tí ìyá mi fi kọ́ mi. Mo fi apá yìí àti abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ fún àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ télọ̀, kí ó bá mi parí rẹ̀.

Ẹnu yóò yà yín, nítorí pé èmi àti òun kì í kí ara wa. Nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan fún un, oníkálùkù láti etí kan, kí a lè pàdé láàárín. Ìyá kan náà ló kọ́ wa, ọwọ́ wa sì ti máa ń dọ́gba, nítorí náà a kò wọn ohunkóhun. Ọjọ́ tí a fi wọ́n kanra, tèmi fẹ̀, tirẹ̀ há. Mo ní ó ń ṣahun òwú. Mo ní kí ó tú tirẹ̀, ó ní kí n tú tèmi. Ẹnu èyí ni a wà tí ìyá wa fi kú láìrí i bora. Ó ju ìdajì tirẹ̀ lù mí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tèmi ló ṣì fẹ̀ tó o, n kò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi ti le. Mò ń fa òwú bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Apá kejì sùẹ́tà há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí n tó tú u, mo mú ìdajì bùláńkẹ́ẹ̀tì àbúrò mi jáde, mo gbé apá náà lé e, ojú ìhun lórí ojú ìhun. Wọ́n dọ́gba. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ahun ló ń ṣe nígbà yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà á.

N kò tú apá náà. Ọmọ tuntun kò mọ ìwọ̀n. Kí ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

7. Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Lọ́yà ní ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ bí mo bá ń fọwọ́ sí ìwé yìí, àti pé ẹni tó bá jẹ́rìí sí i kò gbọdọ̀ jogún nínú rẹ̀. Bàbá Aláago, tó ń tún aago ṣe lójúlé kejì, ti gbà láti ṣe ọ̀kan. Ìwọ ni mo fẹ́ kí o ṣe ìkejì. Bí o bá fọwọ́ sí i, apá sùẹ́tà kì í ṣe ogún rẹ mọ́. Àfi kí a jọ jókòó hun ún.

Wọ́n ní ẹ̀rù kì í ba orí kó sá wọnú. Tèmi ń wá ọ̀nà. Wọ́n tún ní ọmọ ìyá méjì kì í réwèlè; bí ẹ̀gbọ́n kò gbọ́n, àbúrò a gbọ́n. Gbọ́n fún wa, jọ̀wọ́. Mo ti fi ìwé yìí rán ọmọ mi sí ṣọ́ọ̀bù rẹ. Títí o fi dé, n kò ní fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ìfọwọ́sí: Ìyá Oníwúùlù.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Bàbá Aláago.

Ẹlẹ́rìí kejì: Télọ̀, àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ẹ sún díẹ̀ kí n jókòó. Mo mú téèpù dání lọ́tẹ̀ yìí.