Agolo Abẹ́ Táǹkì

Bàbá mi, onífíríìjì PK8, ọkọ ìyá mi,

Mo kí yín o. Òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ ní Libreville, ògiri ilé wa ní Sotega sì ti ń dúdú láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Bí ẹ bá wà níbí ni, ẹ ò bá ti bú ẹni tó kùn ún. Mo fọ aṣọ iṣẹ́ yín, àmọ́ àbàwọ́n gíríìsì tó wà lápá ọ̀tún kò lọ. Mo fi ọṣẹ sí i, mo fi omi gbígbóná sí i, mo fọwọ́ ra á títí ọwọ́ fi ń ta mí, kò lọ. Mo kúkú ká a bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ èékánná yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Nígbà tí a sin yín tán tí àwọn èèyàn sì ti lọ, Màmá Ṣakí pè mí lórí fóònù. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n yín kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó sunkún díẹ̀, ó fọn ikun, ó wá bi mí: "Èékánná rẹ̀ dà? Irun rẹ̀ dà? Ìgbà wo lò ń kó wọn bọ̀?" Mo rò pé ogbó ló dé sí i. Ó wá là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD pé nínú agbo ilé yín, ẹni tó bá kú sí ìlú òkèèrè, tí wọn ò bá lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé èékánná rẹ̀, wọ́n á mú díẹ̀ nínú irun orí rẹ̀, wọ́n á kó wọn wá, wọ́n á sì sin wọ́n bí ẹni ń sin odidi èèyàn. Ó ní bí a ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà lẹ ṣì wà. Ó ní ìyá yín ti ń retí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, Bàbá mi? Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ẹ fi agídí kọ́ mi láti kọ Yorùbá sórí ìwé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi níbí kò mọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ẹ wá fi èyí tó ṣe pàtàkì jù sínú.

Nítorí mo rí wọn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ní mọ́ṣúárì, wọ́n ní kí n wá wò yín kí wọ́n tó ti pósí, ojú mi yìí kò sì lè ṣe kó má rí nǹkan kéékèèké. Mo rí i pé wọ́n ti de bọ́tìnnì ẹ̀wù yín kan sí ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo rí òwú funfun kan lẹ́bàá etí yín. Mo rí èékánná yín. Wọ́n ti gùn díẹ̀, gíríìsì ṣì wà lábẹ́ ti àtàǹpàkò, èyí tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sísọ́ọ̀sì kékeré tí mo fi ń ṣí páálí oògùn níbi iṣẹ́ sì wà nínú báàgì mi. Mo kàn tún bọ́tìnnì yẹn ṣe ni. Ọkùnrin tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà béèrè lọ́wọ́ mi: "C'est bon, madame?" Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti tó. Wọ́n sì ti pósí.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ojú mi ní iṣẹ́ yìí. Ní ọ̀sán Sátidé, tí ẹ bá ti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń tún fíríìjì ṣe ní PK8 dé, ẹ ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ẹ ó fi réésà gé èékánná, ẹ ó sì máa ka iye rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ta sọnù, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ ó pè mí, nítorí pé ojú ọmọdé mú. Rọ́bà ilẹ̀ pálọ̀ wa nígbà náà ní òdòdó pupa àti òdòdó aláwọ̀ ìyeyè, èékánná yín á sì lọ sá pamọ́ sáàárín wọn. Èmi á máa fàyà fà nílẹ̀, Mọ́mì á máa fi wá rẹ́rìn-ín láti ilé ìdáná. N ò gbọdọ̀ dìde títí n ó fi rí i. Bí mo bá rí i, ẹ ó fún mi ní bisikíìtì, ẹ ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí n ò mọ̀. Mo gbà pé ayé lẹ ń bẹ̀rù. Ayé le lóòótọ́, kò sì yẹ kí ohun ara ẹni bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Nígbà tí mo dàgbà, tí ilé ìkóògùnsí tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ń rán mi lọ sí Ntoum, sí Kango, sí Lambaréné, ẹ kì í bi mí bóyá ọ̀nà dára. Ohun tí mo rí lẹ máa ń bi mí. Mo sì mọ̀ pé ẹ ò bèèrè odò tàbí igbó. Mo ń sọ fún yín nípa ewúrẹ́ tó dúró lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, nípa ilé kan tí wọ́n kun fèrèsé rẹ̀ ní ọ̀dà tuntun tí ilẹ̀kùn sì ti jábọ́, nípa dókítà tó wọ ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ méjì. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó tún ní kí n sọ ti ewúrẹ́ yẹn. Ta ni n ó máa sọ ọ́ fún báyìí?

Mo wá yín káàkiri inú ilé. Mo gbọn fìlà yín sórí aṣọ funfun. Mo tú ìrọ̀rí. Mo wo àárín eyín òòyà yín lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tú ihò omi ilé ìwẹ̀. Mo wọ takisí lọ sí PK8, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo yí tìmùtìmù àga yín padà, nọ́ọ̀tì àti bóòtù tó ti dógùn-ún nìkan ni mo bá níbẹ̀. Mo wá ré ọ̀nà kọjá sọ́dọ̀ ará Pobè tó máa ń gẹrun yín. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà ló mi orí. "Ah non, ọmọ mi. Bàbá ẹ ò fi ẹyọ irun kan sílẹ̀ níbí rí. Òun alára ló máa ń gbá ilẹ̀ fún mi. Tout, gbogbo ẹ̀ pátá, ló máa ń kó sínú sachet, ọ̀rá kékeré." Mo dúró níwájú dígí rẹ̀, mo ń wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó mọ́ tónítóní. Èèyàn tí kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọ̀tá, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ náà.

Màmá Ṣakí ń pè ní gbogbo ìgbà. Mò ń sọ fún un pé mò ń wá a. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo lọ pọn omi lẹ́yìnkùlé. Ẹ mọ àwọn búlọ́ọ̀kù tí táǹkì omi jókòó lé. Òjò ìlú yìí ti jẹ́ kí nǹkan tútù hù bò wọ́n, wọ́n ń yọ̀ bíi ẹja. Ọ̀kan péré ni ara rẹ̀ mọ́ ní apá òsì, níbi tí ọwọ́ èèyàn ti máa ń dì í mú. Mo ti ń pọn omi níbẹ̀ láti kékeré, n ò rí i rí. Mo fà á, ó yọ. Agolo mílíìkì ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ tún fi wáyà fíríìjì so ó. Òórùn káfúrà ló kọ́kọ́ jáde. Ọ̀rá kéékèèké ló kún inú rẹ̀, irun àti èékánná sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tò wọ́n sórí pèpéle ìfọṣọ. Ti ìsàlẹ̀ dúdú kirikiri. Àwọn tó tẹ̀ lé e ní ewú díẹ̀. Ti òkè funfun, kò sì pọ̀ mọ́, nítorí pé orí yín ti ń pá. Bí ẹ ṣe darúgbó wà níwájú mi níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo jókòó sínú omi, mo sunkún, mo tún ń rẹ́rìn-ín pé mo ti rí yín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Kì í ṣe ayé nìkan lẹ ń bẹ̀rù, Bàbá mi. Ẹrù lẹ ń dì. Láti ìgbà tí irun yín ti dúdú báyẹn, kí ẹ tó bí mi pàápàá, lẹ ti mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ má lè gbé ara yín délé, ẹ sì ti ń kó o jọ ní díẹ̀díẹ̀. Mo wá irun Mọ́mì níbẹ̀. Irun Mọ́mì gùn, ó sì máa ń pọ́n lẹ́nu. Mo tú gbogbo ọ̀rá yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí. Mo wá èékánná ọmọdé. Èmi tí mò ń fàyà fà nílẹ̀ nítorí tiyín, tèmi náà kò sí.

Ilé ta ni a wà nígbà náà? Ẹ gbin igi eléso tí wọ́n ń pè ní atanga níbí sí iwájú ilé, ẹ ní kí n máa bomi rin ín nítorí ọmọ mi ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ sin Mọ́mì sínú ilẹ̀ yìí. Mo rò pé ìdílé wa ti fìdí múlẹ̀ níbí ni, àṣé èmi àti Mọ́mì la fìdí múlẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi nígbà kan, tí ikú kò jẹ́ kí ẹ sọ ọ́? Àbí ojú ń tì yín?

Inú bí mi sí yín gidigidi. Mo dá agolo yẹn padà, mo ti búlọ́ọ̀kù dé e, n ò sì gbé ìpè Màmá Ṣakí mọ́. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń bọ̀. Mo gbé oògùn lọ sí Okala, mo rí ilé tuntun tí wọ́n ti sá aṣọ ọmọ ìkókó sórí irin tó yọ lókè òpó rẹ̀, n ò sì rí ẹni bá sọ ọ́. Nígbà tí òjò wá pọ̀, mo tún yọ búlọ́ọ̀kù wò. Ìdérí agolo ti ń dípẹtà. Ìlà pupa tín-ín-rín kan ti yí etí rẹ̀ po, ó kù díẹ̀ kó dá a lu. Mo rí i pé bí mo bá ń bínú lọ báyìí, ẹ ó tún jẹrà lẹ́ẹ̀kejì, lọ́wọ́ èmi gan-an. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo fi gèlè Mọ́mì wé yín, mo gbé yín sórí itan nínú ọkọ̀ òfurufú. Ní Èkó, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí n ṣí agolo náà. Ó wo inú rẹ̀, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá, ó sì ní kí n máa lọ láìbéèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin ì bá rẹ́rìn-ín. Bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún dírẹ́bà tó gbé wa lọ sí Ṣakí jẹ́ búlúù, tòsì jẹ́ aláwọ̀ ewéko. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà lọ́nà ṣẹ́ ojú kan sí mi bíi ti Mọ́mì. Bí a ṣe ń sún mọ́ ilé, àpáta ń pọ̀, erùpẹ̀ ń pọ́n, kò sí nǹkan tútù lára ògiri kankan. Mo ń wo gbogbo rẹ̀ fún yín, mo sì ń rántí pé ìwọ̀nyí lẹ ti fi ojú inú wò ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jókòó sí PK8.

Màmá Ṣakí kò ríran dáadáa mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló fà á jáde. Mo kúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọjá orí mi lọ sórí agolo. Àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tiyín. Mo wo tèmi, ó gún régé, ti Mọ́mì ni mo gbé. Ó ti ọwọ́ bọ inú agolo, ó ń fọwọ́ pa irun yín. "Àbúrò mi, o kú ìrìn o," ló wí. "Ó mà pẹ́ o." Gbogbo agbo ilé bú sẹ́kún. Wọ́n kí yín káàbọ̀, wọ́n pe oríkì yín tí n ò gbọ́ rí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá yín, wọ́n sì fi aṣọ funfun gbé yín sínú rẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn, lẹ́bàá ògiri. Nígbà tí wọ́n parí, ọkùnrin kan tó jọ yín níwájú orí gbé omi wá fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní: "Ẹ ṣeun o, ẹ kú iṣẹ́. Ìgbà wo lẹ ń padà sí ìlú yín?"

Mo ti padà. Sotega ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Inú kò bí mi mọ́, ó kàn ń dùn mí ni.

Ẹ ti délé, Bàbá mi. Ẹ ti wà láàárín àwọn tiyín. Bí wọ́n bá jókòó yí yín ká, tí wọ́n bi yín léèrè ohun tí ẹ ṣe ní Libreville ní gbogbo ọdún yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa ka iye fíríìjì tí ẹ tún ṣe. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ìyàwó kan níbẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ bí ọmọ kan.

Èmi ni, ọmọ náà, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀síbẹ̀.