Mo Bá Yín Dé York

Bàbá mi tí mi ò lè pè lórí fóònù mọ́,

Mo kí yín o. Ọjọ́ Sátidé ni mo ti York dé, mo sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti àárọ̀ ni àwọn ọmọ iléèwé ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì mi, inú rírun lọ́tùn-ún, orí fífọ́ lósì. Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ayé yín pé àgbàlagbà wo ló ń gba ìsinmi fall break bí ọmọ kíláàsì kẹta. Àǹfààní tó wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì iléèwé kò ju ìyẹn náà lọ. Fall break ọ̀hún ni mo fi lọ.

Mo mú ìwé yín dání. Èyí tí ẹ kọ sẹ́yìn bulletin ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kúnlé, ń ka gbogbo ohun tí ẹ̀yin méjèèjì máa ṣe ní York fún yín lórí fóònù. Kí ẹ gun odi ìlú. Kí ẹ wo àwọn ọkọ̀ ojú irin àtijọ́. Kí ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn. Kí ẹ jẹ scone, àkàrà òyìnbó wọn. Ẹ fa ìlà sábẹ́ scone lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé wọ́n máa bi yín nínú ìdánwò. October ló yẹ kí ẹ lọ, nígbà tí ewé bá ń pọ́n lórí igi. Àìsàn ni kò jẹ́.

Bọ̀dá kì í bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sì fà á. Ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ fi dùbúlẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ nílé wa ní Dacula, nítòsí Atlanta níbí, ẹ ní mi ò gbọdọ̀ pè wọ́n. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n rí yín pẹ̀lú rọ́bà ọ́síjìn nímú. Tí mo bá dárúkọ wọn, ẹ máa kọjú sí ògiri. Tí wọ́n bá pè, màá ní ẹ ń sùn, màá ní ara yín ti ń le díẹ̀díẹ̀. Ẹnu mi dùn, wọ́n sì gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ẹ wá lọ, mo ṣe bí ẹ ṣe kọ́ wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè lórí fóònù. Mo bẹ pásítọ̀ wọn ní York pé kí òun àti àgbà méjì lọ bá wọn nílé lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fi ọgbọ́n sọ ọ́. Kí àwọn àgbà náà tó wọ mọ́tò, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ti gbé fọ́tò yín sórí WhatsApp status, ó kọ "Sùn re o, Daddy" sí i. Ibi tí Bọ̀dá ti ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti rí i. Wọn ò wá sí ìsìnkú. Wọ́n ní bí mo ṣe dá a bẹ̀rẹ̀ ni kí n ṣe dá a parí.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí tí mo ti ń ru ẹ̀bi yín kiri. Ìdí tí mo fi lọ sí York nìyẹn. Mo fẹ́ wo ojú Bọ̀dá, kí n sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ní kí n má pè. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo ní kí n kúkú bá òtítọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn pé mo ti dé. Wọ́n kà á, wọn ò fèsì. Ni mo bá gbé ìwé yín jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tó wà níbẹ̀.

Odi ìlú wọn ṣì dúró, Bàbá. Òkúta ni, èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń najú, ewé pupa sì kún gbogbo ìdí rẹ̀. Mo rántí tí ẹ sọ pé ti ìlú yín, àwọn èèyàn ti wú yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ fi kọ́lé tán. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí Bọ̀dá. Wọ́n kà á. Mo jẹ scone náà. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan, ó gbẹ lọ́fun, ẹ̀yin ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè omi.

Ilé tí wọ́n kó ọkọ̀ ojú irin sí ni mo pẹ́ sí jù. Ṣé ẹ rántí ibi tí réèlù ti dábùú títì ní Dacula? Ẹ máa ní kí n pa mọ́tò kí ẹ lè ka wáágùnù, tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ẹ máa ní mo ti mú yín ṣi í kà. Iṣẹ́ akọ̀wé réèlùwéè tí ẹ ṣe ní Ọ̀fà kò kúrò lára yín títí ẹ fi kú. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ irin kan tó ga jù mí lọ. Mo rò pé màá sunkún. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo lọ sílé wọn láìpè. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì bí ẹni pé mo ṣì jẹ́ èèyàn lójú wọn.

"Aunty mi, ẹ wọlé. Wọ́n wà lókè. I've tried, Aunty, mo ti bẹ̀ wọ́n títí. Abeg, ẹ má bínú."

Ó bu ìrẹsì fún mi. Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá lókè orí mi, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ẹsẹ̀ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Mo jẹun tán, mo fọ abọ́, mo lọ.

Ọjọ́ tí mò ń padà ni wọ́n wá. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ibùdókọ̀ ojú irin, mo gbójú sókè, Bọ̀dá ló dúró níwájú mi. Irùngbọ̀n wọn ti funfun. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, wọn ò ní kí n dìde, wọn ò sì ní kí n má dìde. Ọwọ́ wọn wà nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì.

"Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé Bàbá béèrè mi?"

Bàbá, òtítọ́ náà wà lẹ́nu mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti Atlanta. Gbogbo ohun tí mo nílò kò ju pé kí n la ẹnu lọ. Mo wo ojú wọn, ọmọ tó ń wá bàbá rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀.

"Lójoojúmọ́ ni," mo ní. "Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń béèrè yín."

"O ò sì pè mí."

"Mi ò pè yín."

"Every day, o ò sì pè mí."

Wọ́n mi orí, wọ́n fa síìpù jákẹ́ẹ̀tì wọn sókè, wọ́n lọ. Ọkọ̀ mi dé, mo wọ̀ ọ́.

Ṣé ẹ tiẹ̀ béèrè wọn nínú ọkàn yín, tí ẹnu yín ò kàn lè sọ ọ́? Kí ni ẹ rò pé ó máa kù fún mi lẹ́yìn yín? Mo gbàdúrà, mo gbààwẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo balẹ̀ ní Atlanta, mo rí i pé fọ́tò Bọ̀dá ti kúrò lórí WhatsApp mi, mo pè, kò lọ, wọ́n ti block mi. Mi ò rò pé ó tún máa lọ láyé yìí.

Wọ́n ṣì ní bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mi ò ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Èmi tí mo fẹ́ràn yín ju bó ṣe yẹ lọ,
Ọmọ yín obìnrin.