Ọkọ Mẹ́rin Nínú Yàrá Méjì

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ìbejì rẹ obìnrin, mo kí baba wọn. Mo mọ̀ pé bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, wàá fi orí tí ò ń dì lọ́wọ́ sílẹ̀ kí o lè kà á, nítorí náà bá mi bẹ oníbàárà rẹ kó má bínú sí mi. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ látàrí ìdúró ti ń fúyẹ́ díẹ̀? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkàn mi ni kò le, òun ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Kí n tètè sọ ọ́, kí o má baà máa wá a kiri nísàlẹ̀ ìwé: mi ò ní lè wá sílé lọ́dún yìí mọ́. O kọ̀wé pé ìyá mi ti kun yàrá tí mo máa sùn sí, pé wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, pé láràárọ̀ ni wọ́n ń bi ọ́ pé ó ku ọjọ́ mélòó. Ọdún méje ni wọn ò tíì fojú kàn mí. Mo ka ibi tí o ti ní wọ́n ti ń fọwọ́ tọ́ ògiri kí wọ́n tó rìn, pé kí n tètè wá nígbà tí ojú wọn ṣì lè dá mi mọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pa ìwé náà dé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé rò pé owó là ń fọwọ́ gbá jọ lójú títì níbí. Ìkejì mi, ohun tó ń jáde ju ohun tó ń wọlé lọ. Yàrá méjì là ń gbé, owó ilé nìkan a máa gbé ìdajì owó oṣù mi lọ kí n tó fojú rí i. Omi ní mítà, iná ní mítà, kódà pàǹtírí tí a dà nù, à ń sanwó fún un. Ilé ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn ni mo ń lọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láàárín ooru, àpá iná mẹ́ta ló sì wà lápá òsì mi. Ọkọ mi, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibí, ń kun ilé fún àwọn èèyàn. Bí òjò bá rọ̀, kò síṣẹ́, òjò sì mọ̀ ọ́n rọ̀ níbí.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti abúlé wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún karùn-ún nìyí, ọ̀sẹ̀ méjì náà kò tíì pé. Àbúrò ọkọ mi ọkùnrin bá wọn gbé ẹrù wá, èyí obìnrin tẹ̀lé wọn láti wá wo ìlú. Wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀, wọ́n wo ìlú tán, wọn ò lọ mọ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti òkèèrè wá bíi tèmi kò lè ṣaláìní. Bí kò bá lówó, kí ló fi wọ ọkọ̀ òfuurufú? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rò ó, èmi ni mo sì ń bọ́ gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n kí n sòótọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá mi fà mí létí kí n tó kúrò nílé. Wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni tí o bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ ni, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Má pè wọ́n lórúkọ." Mo di ìmọ̀ràn yẹn mọ́ aṣọ nínú àpótí, mo gbé e dé ibi tí wọn ò ti rí irú rẹ̀ rí. Mo sọ àbúrò ọkùnrin ní Akọ̀wé, nítorí ìwé ìwáṣẹ́ kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ obìnrin ní Ìbàdíàrán. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, orúnkún ni mo fi ń gbé oúnjẹ fún Akọ̀wé, ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ. Níjọ́ kìíní, ojú tì í, ó ní kí n dìde. Níjọ́ kejì, ojú ò tì í mọ́. Kó tó pé oṣù kan, ó ti ń fi abọ́ sílẹ̀ níbi tó bá ti jẹun, ó ń retí omi ìṣanwọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi síwájú, ẹrẹ̀ ni mo tẹ̀. Mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí èmi fúnra mi kọ́ wọn.

Ọdún méjì ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé láti kó owó tíkẹ́ẹ̀tì jọ. Orúkọ èmi àti ọkọ mi ló wà ní báǹkì, nítorí wọn kì í gba àlejò níbẹ̀ láìní onílẹ̀ lẹ́yìn. Owó pé. Kí ni mo wá ṣe? Mo tún hùwà ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́. Mo wọ aṣọ tó dáa, mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ mi, mo ní mo wá tọrọ àyè kí n lọ wo ìyá mi. Bó bá jẹ́ nílé wa ni, ìyá ọkọ ì bá ṣàdúrà fún mi, wọn ì bá wá nǹkan kékeré kan kí n bá wọn mú lọ fún àna wọn. Ìyá ọkọ tèmi kàn wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "O lówó tó báyẹn?"

Láti ọjọ́ yẹn ni ìṣòro ti ń hù nínú ilé bí olú. Òrùlé ilé wọn lábúlé, tó ti ń jò láti ayébáyé, kò lè dúró dọ̀la mọ́. Eyín ń dun Ìbàdíàrán. Akọ̀wé rí iṣẹ́ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, iṣẹ́ ká máa gbé ẹrù kiri fún èèyàn, àmọ́ ẹni tó ní alùpùpù ni wọ́n ń gbà. Mo di etí méjèèjì, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, tèmi taṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí ní ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ki káàdì mi bọnu ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Ó wá rọra yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn mi má baà gbọ́. Kò sí owó kankan níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú láìjẹun.

Nígbà tí mo délé, alùpùpù pupa kan ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rá kò tíì kúrò lórí ìjókòó rẹ̀. Ọkọ mi ò lè wò mí lójú. Ó ní Akọ̀wé á máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Mo ní ìyá mi ńkọ́. Ó ní, "Ṣé ara wọn ò yá ni? Bí kò bá ṣe àìsàn, wọ́n lè dúró." Ìkejì mi, mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, mi ò sì rò pé ó máa kúrò lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ tí aládùúgbò kan ń bi ìyá ọkọ mi pé kí ló dé tí mo máa ń kúnlẹ̀. Wọ́n ní, "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló ti ń ṣe nílùú wọn. Ó ti mọ́ ọn lára." Wọn ò fi ìkà sọ ọ́. Bó ṣe yé wọn nìyẹn.

Mo ro ó títí di àárọ̀ òní. Akọ̀wé jókòó, ó ń retí oúnjẹ kó tó gun alùpùpù rẹ̀ jáde. Mi ò kúnlẹ̀. Mo dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, orúkọ tí mi ò fẹnu mi pè rí. Mo rò pé ilé máa dàrú, pé wọ́n á ní mo ti ya aláfojúdi. Akọ̀wé ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Hẹn, bá mi mú ṣúgà wá." Ọkọ mi ń so okùn bàtà rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan. Ọ̀wọ̀ tí mo ti ń bù fún wọn látọdún márùn-ún wá, èmi nìkan ni mo ń rí i. Mo mú ṣúgà náà wá.

Má sọ èyí fún ìyá mi o. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ìmọ̀ràn wọn ló gbé mi débí, wọn ò ní lè sùn. Sọ fún wọn pé ọ̀gá mi ni kò fún mi láyè. Ìyá àgbà kan níbi iṣẹ́ ti gbà láti máa bá mi tọ́jú owó Sátidé lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọdún méjì míì ni. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lójú ìyá mi.

Ìwọ náà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa jẹ́ fún ọ, ẹ̀yìn rẹ á le. Ọlọ́run á dá àwọn ìbejì sí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń lọ sílé ọkọ, kí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ ohun tí ìkúnlẹ̀ jẹ́.

Èmi ni,
Ìkejì rẹ tí ẹ jọ sùn lórí ẹní kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Mo ti lẹ lẹ́tà yìí kí n tó tún tú u. Bàtà tí mo rà fún ìyá mi, èyí tí o fi bíírò ya ìwọ̀n ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́ fún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Nírọ̀lẹ́ yìí, ẹsẹ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ti bá a. Wọ́n ní ó bá wọn mu, pé mo ṣeun. Mo wà lórí ìdúró, mo ní kí wọ́n bọ́ ọ. Èyí yé wọn. Wọ́n bọ́ ọ. Òun ló wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá. Bí ìyá mi bá fọwọ́ kàn án, tí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ kan ti wọ inú rẹ̀, sọ fún wọn pé èmi ni mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, kó lè rọ̀ dè wọ́n.